Ṣé Ọ̀nà Dáa?

Òsì méjì ló wà, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Òun ni wọ́n so pọ̀ mọ́ Ìdó tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ fi ń jẹ́ Ìdó-Òsì. Èkejì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì, ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Kwara ni ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tí à ń wí yìí wà. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ kí a tó gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ "Osi Ekiti" sórí fóònù, ó ṣeé ṣe kí máàpù gbé yín lọ sí ìlú tí ẹ ò bá wá, kó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé. Ọ̀rọ̀ Ọ̀wá náà ò rọrùn: Òdò-Ọwá wà, Ọ̀wá-Oníre wà, Ọ̀wá-Kájọlà wà, Kwara kan náà sì ni gbogbo wọn. Ìlọ́fà tí wọ́n ń kọ "Iloffa" sára pátákó kì í sì í ṣe Ọ̀fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà tí kò fetí sílẹ̀ dáadáa lè gbé yín síbẹ̀.

Àwa mẹ́rin la jọ kọ èyí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga la ti pàdé. Méjì nínú wa ń gbé Ìlọrin, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn, ọ̀kan wà l'Ékòó. Kò sí ọmọ Òsì nínú wa, kò sí ọmọ Ìlọ́fà. Ohun tó gbé wa débẹ̀ ni igi gbígbẹ́.

Bí ẹ bá ti ka ìwé kankan rí nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ẹ ó ti pàdé ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Arẹ̀ogun ará Òsì-Ìlọrin. Agbẹ́gilére ni. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbẹ́ òpó, ó gbẹ́ ọpọ́n Ifá, ó gbẹ́ ère Ẹpa, títí tó fi kú ní ọdún 1954. Ọmọ rẹ̀, Báńdélé, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, Báńdélé wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ẹni tó padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì kárí ayé. Kò jìnnà sí Òsì ni Òdò-Ọwá wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ tí Ìlọ́fà jẹ́ olú-ìlú fún. Òdò-Ọwá ni Bámigbóyè ti gbẹ́ tirẹ̀, ère Ẹpa tí ènìyàn ń pọ̀ lórí rẹ̀ bí ọjà: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá ọlọ́mọ, onílù, gbogbo wọn nínú ìtì igi kan ṣoṣo, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí ìkòkò tí ẹni tó ń jó á kó sórí. Ní ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣí àfihàn ńlá kan tó jẹ́ ti Bámigbóyè nìkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára nìyẹn. Ọ̀rẹ́ wa kan tó wà lókè òkun fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ níwájú iṣẹ́ àwọn bàbá wọ̀nyí. Ó ní òun kàn wọlé ni, òun sì rí i. Àwa tí a wà ní Ìlọrin, tí a lè jẹun àárọ̀ nílé ká sì jẹun ọ̀sán ní Òdò-Ọwá, a ò tíì débẹ̀ rí. A ní kò burú, a ó lọ. A ó wo ilẹ̀ tí igi náà ti hù.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká yanjú orúkọ yẹn, "Òsì-Ìlọrin". Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé àdúgbò kan ní Ìlọrin ni. Rárá. Èkìtì ni wọ́n ní Òsì, èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ń pín ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n fi Ìlọrin sí Àríwá, wọ́n sì fi àwọn ìlú Èkìtì tó wà lábẹ́ Ìlọrin tẹ̀ lé e. Ọ̀tún náà bá wọn lọ. Ọdún 1936 ni wọ́n tó dá Ọ̀tún padà sọ́dọ̀ àwọn ará Èkìtì yòókù. Òsì, Ìlọ́fà, Òdò-Ọwá àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ò padà. Nígbà tí wọ́n dá Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967, wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, òdìkejì ààlà ni wọ́n wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó kan ìrìn àjò. Ibi tí ààlà bá wà, ìjọba méjì á máa wo ara wọn lójú pé ta ni yóò tún ọ̀nà ṣe, ta ni yóò ṣọ́ igbó. Ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà ni yóò mọ èwo ni wọn ò ṣe.

Ètò tí a kọ́kọ́ kọ lẹ́wà lórí WhatsApp. Ọjọ́ méjì: Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo, Àjàṣẹ́ sí Òmù-Àrán, ká yà sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta, ká lọ sí Òdò-Ọwá, ká wọ Ìlọ́fà, ká sùn ní Òsì, ká padà gba ibi òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwu. Nǹkan bíi 80 kìlómítà ni Ìlọrin sí Òmù-Àrán, ìyókù ò sì tó nǹkan lójú máàpù. Ẹni tó wà l'Ékòó ló kọ ọ́, ó fi àwọ̀ yẹ́lò sí ibi oúnjẹ, ó fi àwọ̀ búlúù sí ibi fọ́tò.

Lẹ́yìn náà la wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀bẹ̀.

Gbogbo ẹni tí a bi ló fún wa ní gbólóhùn kan náà: "Ọ̀nà ò dáa." Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ sọ ọ́. Olùkọ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ọ̀pin sọ ọ́. Dẹ́rẹ́bà mẹ́ta ní gáréèjì sọ ọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà márùn-ún, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wa pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ní inú méjì.

Inú kìíní ni kòtò. Ọ̀dà ti ká kúrò, òjò ti gbá ẹ̀gbẹ́ títì lọ, bí mọ́tò yín bá rẹlẹ̀ yóò fi ikùn lé ilẹ̀. Ẹni tó ní inú yìí lọ́kàn á máa sọ̀rọ̀ sókè, á máa fi ọwọ́ ṣàpèjúwe, á máa bú ìjọba, á máa rẹ́rìn-ín. Inú kejì ni èyí tí wọn kì í dárúkọ. Ẹni tó ní in lọ́kàn á rẹ ohùn sílẹ̀. Á ní, "Ọ̀nà yẹn ò dáa o," á wá dákẹ́. Á wo ojú yín bóyá ẹ gbọ́. Bí ẹ bá ní "Ṣé kòtò ni, mà?" á ní, "Kòtò náà wà."

"Kòtò náà wà." Ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ yẹn. Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni wọ́n tún ń fi òwe yẹn ṣiṣẹ́ fún lónìí. Wọn ò fẹ́ kí ìlú wọn di ibi tí ènìyàn ń sá fún. Wọn ò fẹ́ dárúkọ ibi kó má baà jẹ́ pé ibi gbọ́. Wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kú sí wọn lọ́rùn. Ààrin ohun mẹ́ta yìí ni gbólóhùn kékeré yẹn dúró sí.

A mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Èsùn, nígbà tí wọ́n ń ti ìpàdé bọ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Ẹ̀múrè. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, wọ́n wọ ààfin ní Kọ̀rọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, wọ́n pa Olúkòrò, wọ́n sì jí olorì gbé lọ. Ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì ni ọba náà. Bí wọ́n bá lè wọlé tọ ọ̀gágun lọ nínú ààfin rẹ̀, kí ni ti àwa tí a fẹ́ lọ wo ère?

Ìyá ọ̀kan nínú wa bi wá ní ìbéèrè yẹn gan-an. A ò rí èsì fún un. Ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ igi ti kú. Igi ti lọ sílùú òyìnbó. Kí lẹ fẹ́ lọ wò?" Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sórí WhatsApp wa.

Ohun tó mú wa tẹ̀ síwájú ni pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mọ́tò ń gbé iṣu kúrò ní Òkè-Ẹ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ ni olùkọ́ ń lọ síbi iṣẹ́, tí aláboyún ń lọ sí ọsibítù, tí àwọn ọmọ Landmark ń wọ Òmù-Àrán. Àwọn wọ̀nyí ò ní kí ọ̀nà dáa tán kí wọ́n tó rìn. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń rìn ín ni. A wá pinnu pé a ò ní béèrè "Ṣé ọ̀nà dáa?" mọ́. A ó béèrè pé: "Báwo lẹ̀yin ṣe ń lọ?"

Ìbéèrè kejì yìí tú ẹnu wọn sílẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà kan sọ fún wa pé aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni òun ń fi ibẹ̀ rìn. Ó ní kí a má ṣe jẹ́ mọ́tò àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀, kí a má sì ṣe jẹ́ mọ́tò ìkẹyìn ní ìrọ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ti kọjá." Ó ní bí ẹ bá rí i pé mọ́tò ò bọ̀ láti iwájú fún ìgbà díẹ̀, ẹ dúró sí ìlú tó bá kàn, ẹ ra ọsàn, ẹ jẹ ẹ́. Mọ́tò tó ń bọ̀ ni ìwé ìròyìn ọ̀nà.

Ìyá eléèlùbọ́ sọ pé ọjọ́ ọjà ni kí a lọ. Ní ọjọ́ ọjà, títì kì í dá, ènìyàn wà lójú ọ̀nà láti ìlú dé ìlú. Ó ní kí a wọ aṣọ tó dà bí ti ẹni tó ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀, kí a má kó kámẹ́rà kọ́rùn bí oníròyìn, kí a sì mú owó ṣíṣẹ́ dání, torí nẹ́tíwọ̀kì lè lọ kí ẹni tó ń ṣe POS sì máa wo yín.

Olùkọ́ yẹn sọ èyí tí kò sí lórí máàpù kankan: ẹni tí a ó kọ́kọ́ kí. Ó ní kò sí ìlú tí ẹ ó wọ̀ tí ẹ ó kàn máa wò kiri ní agbègbè yẹn lásìkò yìí. Àjèjì mẹ́rin nínú mọ́tò kan, tí wọ́n ń rọra rìn, tí wọ́n ń ya fọ́tò igbó? Àwọn ọdẹ á ti pe ara wọn kí ẹ tó dé ọjà. Ó ní kí a wá ọmọ ìlú kan tí yóò pe ilé ṣáájú, kí a lọ kí baálẹ̀ tàbí ààfin, kí a sọ orúkọ wa, orúkọ bàbá wa, ohun tí a wá ṣe àti ìgbà tí a ó lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin bẹ̀rù àwọn ará igbó, àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù ẹ̀yin." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá létí gan-an. Láti ìgbà tí a ti ń ṣètò, ara wa nìkan la kà sí ẹni tó wà nínú ewu.

Ìmọ̀ràn tún máa ń tako ìmọ̀ràn. Ẹnìkan ní ká lọ nígbà òjò torí gbogbo ilẹ̀ tutù, ẹlòmíì ní ìgbà òjò ni koríko máa ń ga tí ẹ ò ní rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bọ̀dá kan tó ń gbé Àbújá ní ẹ̀rù lásán ni gbogbo rẹ̀, òun máa ń wakọ̀ gba ibẹ̀ lóru. A bi í pé ìgbà wo ló gba ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní ọdún 2017. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Látìgbà náà la ti ní òfin kan tí a fi ń wọn ọ̀rọ̀: ẹni tó rìn ín lánàá ju ẹni tó rìn ín lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ń gbé ọmọ tirẹ̀ gba ibẹ̀ sì ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tí kò ní ohun kankan láti pàdánù níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a fi máa parí, ètò aláwọ̀ yẹ́lò ti di nǹkan mìíràn. A ò ní sùn ní Òsì, Òmù-Àrán la ó sùn. Òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Òwu jáde kúrò nínú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la ó tó mọ̀ bóyá a ó lọ sí Òsì, ẹni tó sì máa sọ fún wa ni dẹ́rẹ́bà tó bá ti ibẹ̀ dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni ará Èkó nínú wa ní ètò wo ni ètò tí a ò mọ ibi tó ń lọ? Ìyá eléèlùbọ́ ní òun nìyẹn.

Oṣù kìíní ọdún 2025 la lọ, nínú ọyẹ́. Ojú ọ̀run funfun, ètè wa ń là. Àjàṣẹ́-Ìpo ò yí padà, àwọn tó ń ta nǹkan ń sáré lé mọ́tò bí i ti tẹ́lẹ̀. A yà sí Èsìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ère òkúta tó wà níbẹ̀ sì lé ní 800. Wọ́n jókòó, wọ́n dirun, wọ́n fi ọwọ́ lé orúnkún, àwọn kan di ohun èlò ogun mú. Ìtàn ẹnu ní àlejò ni gbogbo wọn, tí wọ́n wá sí ìlú, tí wọ́n sì di òkúta. A wo ara wa. Àwa náà àlejò. A kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé ní Èsìẹ́ lọ́jọ́ náà, a kí wọn ju bó ti yẹ lọ.

Ní Òmù-Àrán, a jẹ iyán ní ìrọ̀lẹ́, a sì sùn ní kùtùkùtù bí àgbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí ibi tí mọ́tò ń dúró sí, a bá dẹ́rẹ́bà tó ti ìhà Òsì dé. Àgbàlagbà ni. A kí i dáadáa, a bi í bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò dá wa lóhùn kíákíá. Ó nu gíláàsì iwájú mọ́tò rẹ̀ tán, ó ká aṣọ náà, ó wá ní, "Ṣé dandan ni kó jẹ́ òní?"

A ní kì í ṣe dandan.

Ó ní, "Ẹ lọ kí àwọn ará Ìlọ́fà."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì bi í. Títí di òní a ò mọ ohun tó rí tàbí ohun tó gbọ́. Ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Òsì lọ́jọ́ náà. Bí ìmọ̀ràn tó dáa ṣe máa ń rí nìyẹn: bí ẹ bá gbà á, ẹ ò ní mọ ohun tó gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Ẹ ó kàn padà sílé, ẹ ó sì máa kùn pé ẹ ò rí Òsì.

A lọ sí Òdò-Ọwá àti Ìlọ́fà. Ọmọ ìlú kan ti pe ilé ṣáájú, wọ́n ti ń retí wa. A sọ orúkọ wa, a sọ orúkọ bàbá wa. Bàbá kan fi etí sílẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ wá nítorí Bámigbóyè," kò sì jọ pé ó yà á lẹ́nu. Ó ní àwọn òyìnbó ti wá rí, àwọn ọmọ yunifásítì ti wá rí, gbogbo wọn ló ń béèrè ibi tí ère wà. Ó ní àwọn tó wá wo ibi tí igi ti hù ò pọ̀. A ò sọ fún un pé bí a ṣe sọ ọ́ gan-an lórí WhatsApp nìyẹn. Ó ní kí ọmọkùnrin kan mú wa rìn, ó sì sọ fún un, kì í ṣe fún wa, pé ibi báyìí ni kó mú wa dé, kó má kọjá ibẹ̀.

A rí àpáta, a rí igi, a rí ilé alámọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ti wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwòṣífìlà. A rí oko kaṣú tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ọmọkùnrin náà ń sọ èdè Èkìtì sí fóònù, ó ń sọ Yorùbá gbogbogbòò sí wa, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú nẹ́tíwọ̀kì. A bi í bóyá ó ti rí ère Bámigbóyè kankan rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yọ fóònù, ó sì fi fọ́tò hàn wá láti orí ìkànnì àwọn ará Amẹ́ríkà. Àwa mẹ́rin pẹ̀lú rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ Òdò-Ọwá, a tẹjú mọ́ gíláàsì fóònù, à ń wo ohun tí ọmọ Òdò-Ọwá gbẹ́. Oòrùn ń ràn, a fi ọwọ́ ṣíji bò ó kí a lè rí i dáadáa.

Kò sí ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́bi níbí. Igi ń jẹrà, ikán ń jẹ ẹ́, àwọn kan tà á, àwọn kan fi ṣọrẹ, àwọn kan tọ́jú rẹ̀ níbi tí kò ti lè jẹrà. Ohun tó dùn wá ni ọ̀nà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Connecticut lè wọlé lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yẹn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ọ̀nà dáa. Ọmọ Ìlọrin tó fẹ́ lọ sí Òsì ní láti dúró de kí bàbá arúgbó kan nu gíláàsì mọ́tò tán. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà, a máa ń fọwọ́ sí i, a ṣì ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá a padà sí Òsì lọ́la, ta ni yóò lè lọ wò ó níbẹ̀, kó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú?

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni a kúrò ní Ìlọ́fà. Wọ́n fi iṣu sí búùtù mọ́tò wa, wọ́n ní kí a pe àwọn bí a bá ti dé Àjàṣẹ́. A dé Àjàṣẹ́, a pè. Ẹni tó gbé e ní, "Ẹ ṣeun, a ti ń wojú fóònù." Ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé ẹni tó bá fún yín ní ìmọ̀ràn ọ̀nà, ó ti gbé ẹrù yín rù nìyẹn, kò sì ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ ó fi délé.

Lẹ́yìn tí a padà, àwọn ọ̀rẹ́ rí fọ́tò wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá. Àwa náà wá di ẹni tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn. Fún bí oṣù mélòó kan, a ń dáhùn pẹ̀lú ìgboyà: ẹ lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ kí ààfin, ẹ má jẹ́ mọ́tò ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìròyìn Èrùkù dé. Àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan níbẹ̀ nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ sínú igbó kí wọ́n tó rí ìdáǹdè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì kan náà ni Èrùkù àti Òsì wà. A pe àwọn tí a mọ̀ ní agbègbè náà. Wọ́n wà láàyè. Wọ́n ní ká má wàá o, ká gbàdúrà fún àwọn. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn ní iṣu ti wà, tí a bá rí mọ́tò tó ń bọ̀, àwọn á fi ránṣẹ́.

Bí ẹ bá bi wá lónìí pé ṣé ọ̀nà Òsì dáa, a ò ní dáhùn. A ó sọ fún yín pé Òsì ti Kwara ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti Ìdó-Òsì. A ó ní kí ẹ wá ọmọ ìlú tí yóò pe ilé ṣáájú. A ó ní kí ẹ sùn ní Òmù-Àrán, kí ẹ jí, kí ẹ lọ síbi tí mọ́tò ń dúró sí, kí ẹ kí bàbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bí ó bá ń nu gíláàsì, ẹ jẹ́ kó nù ún tán.